Ibi Tí Memunat Ti Gé Fọ́tò Eré Sísá

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ onífọ́tò kú ní Osi lọ́dún 1957, àwọn ẹbí rẹ̀ rò pé Memunat ìyàwó rẹ̀ yóò ta kámẹ́rà, yóò sì padà sídìí òwò aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ní Ilorin. Memunat kò tà á. Ọdún mẹ́jọ ló fi bá ọkọ rẹ̀ fọ fíìmù nínú yàrá dúdú tó wà lẹ́yìn ilé. Ó mọ bí omi oògùn fọ́tò ṣe ń rùn tó bá ti gbó jù, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn yọ bébà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí kò tíì ṣe rí ni kó dúró níwájú àgbàlagbà kó sì sọ fún un pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ìyẹn.

Fọ́tò ìjókòó ni gbogbo èèyàn ń yà nígbà náà. Wàá jókòó sórí àga, wàá na ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, o ò ní mí títí onífọ́tò yóò fi ní ó ti tó. Àmọ́ Memunat fẹ́ ya ẹni tó ń sáré. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ọdọọdún, àwọn ọ̀dọ́ Osi, Iloffa, Koro àti Ìdòfin máa ń pàdé ní pápá Osi láti figa gbága, àwọn tó ń gbé ìlú ńlá á sì wálé wá wò wọ́n. Lọ́dún 1960, ó gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Ohun tó jáde lórí bébà dà bí èéfín tó wọ ṣòkòtò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ pápá ló yà, àti gìgísẹ̀ méjì. Àwọn tó rí i rẹ́rìn-ín gan-an.

Kò bínú. Ó lọ bá Adégbìtẹ́, káfíńtà kan ní Osi tó máa ń bá wọn sáré, ó ní kó jọ̀ọ́, kó máa wá sáré fún òun ní pápá nírọ̀lẹ́.

"Ta ni n ó máa lé, Ìyá Badirat?" ni Adégbìtẹ́ bi í.

"O ò ní lé ẹnikẹ́ni. Ṣáà máa sáré kọjá níwájú mi."

Adégbìtẹ́ sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, kò tilẹ̀ sí fíìmù nínú kámẹ́rà náà. Ìka ló ń kọ́. Níkẹyìn ó yé e pé ibi tí asáré ń bọ̀ ló yẹ kí òun kọjú sí, kì í ṣe ibi tó wà, àti pé òun gbọ́dọ̀ tẹ kámẹ́rà kó tó débẹ̀.

Nígbà tí Àjíǹde ọdún 1962 dé, ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ta okùn funfun sí ní òpin eré, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Àwọn obìnrin kan tó wà nítòsí ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Eré ọgọ́rùn-ún yáàdì ló kù. Olóyèdé, tíṣà kan láti Iloffa, ló ti ń gbégbá orókè fún ọdún mẹ́ta léraléra, òun náà ló sì wà níwájú títí ó fi ku ìṣísẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ ni Adégbìtẹ́ ti yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì ré e kọjá. Olóyèdé na ọwọ́ sí okùn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Memunat ti tẹ kámẹ́rà kó tó kanlẹ̀.

Nígbà tó fọ fíìmù náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì tún gbé e sókè. Ní àárín ni Adégbìtẹ́ wà, okùn wà láyà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn rẹ̀, Olóyèdé wà lófuurufú gbọọrọ, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀, ìka rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀yìn Adégbìtẹ́. Lọ́wọ́ òsì, níwájú wọn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé etí Alàgbà Bándélé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè náà. Ẹgbẹ́ yìí ló ń kọ́ gbọ̀ngán ìlú lọ́wọ́. Ó wá wo fọ́tò náà, ó sì ní kí Memunat sọ ọ́ di ńlá kí àwọn lè gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngán.

"Ṣùgbọ́n gé ará Iloffa yẹn kúrò," ló wí. "Adégbìtẹ́ àti àwa àgbà ni kó wà níbẹ̀. Mo ti ní kí Adégbìtẹ́ kan férémù rẹ̀ pàápàá."

"Mo gbọ́, bàbá," ni Memunat wí.

Bébà ńlá kan ṣoṣo ló kù sílé, èyí tí Jímọ́ọ̀ ti rà wá láti Ilorin. Bébà náà àti férémù rẹ́gí, àmọ́ kò fẹ̀ tó láti gba gbogbo ohun tó wà lórí fíìmù. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn asáré tóbi dáadáa, ó di dandan kí apá kan lọ. Memunat kọ́kọ́ tẹ fọ́tò kékeré kan jáde. Ó gé páálí méjì bí ìgbọ̀nwọ́ tí èèyàn ká, ó gbé ọ̀kan lé òkè, ó gbé èkejì lé ìsàlẹ̀, ó sì ń sún wọn síwá sẹ́yìn lórí fọ́tò náà láti wo ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Ó ṣe é bí Alàgbà Bándélé ṣe wí. Bó ṣe bo Olóyèdé, bẹ́ẹ̀ ni eré náà parẹ́. Adégbìtẹ́ wá dà bí ẹni tí wọ́n ta omi tútù sí lára níwájú àwọn àgbà. Ó ṣí Olóyèdé padà, ó bo àtíbàbà pátápátá. Èyí náà kò dára: kò sí àyè kankan níwájú Adégbìtẹ́ mọ́, ńṣe ló dà bíi pé ó fẹ́ forí gbá ògiri. Ó sún páálí náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi òpó àkọ́kọ́ tó gbé àtíbàbà ró. Níbẹ̀, asáré ní àyè, òpin okùn hàn, Olóyèdé sì pé. Nínú àwọn àgbà, bàtà kan péré ló ṣẹ́ kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò sí ní Osi ẹni tí kò mọ bàtà náà. Bàtà Alàgbà Bándélé ni.

Ó fi páálí náà síbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ohun mìíràn tún wà tó ń dùn ún. Láti ọjọ́ Àjíǹde ni àwọn ọmọ Osi ti ń fi ìṣubú Olóyèdé kọrin. Kò fẹ́ kọ́ ìtìjú ẹlòmíràn sára ògiri láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wọ lọ́rì tó ń lọ sí Iloffa, ó sì bá Olóyèdé ní iwájú ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni.

Olóyèdé kò kọ́kọ́ fẹ́ gba fọ́tò náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo ti gbọ́ orin yẹn tó."

"Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, tíṣà. Bí ẹ bá ní n gé yín kúrò, n ó gé yín."

Ó gbà á. Ó wò ó pẹ́. Kò sí ẹni tó rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń sáré rí lágbègbè náà.

"Mo rò pé ó fi mí sílẹ̀ jìnnà," ló wí nígbà tó yá. Ó fi ìka wọn àárín ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn Adégbìtẹ́. "Àṣé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a."

"Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn."

"Ẹ má gé mi. Àmọ́ ẹ tẹ ọ̀kan fún ìyá mi."

Memunat padà sí Osi, ó gba ilé Adégbìtẹ́ lọ, ó sì fi àwọn páálí náà hàn án. Káfíńtà náà wo férémù tó ti kàn, ó wo fọ́tò. "Bí tíṣà kò bá sí níbẹ̀, ta ni wọ́n máa ní mo borí?" ló wí.

Òòrùn ni Jímọ́ọ̀ máa ń fi sọ fọ́tò di ńlá. Ó ti lu ihò sí ara ògiri yàrá dúdú. Ìmọ́lẹ̀ á gba ihò náà wọlé, á gba ara fíìmù àti awò kámẹ́rà kọjá, á sì tàn sórí bébà tó wà ní òdìkejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìkùukùu kò jẹ́ kí Memunat ríṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó di nǹkan bí agogo kan ọ̀sán kí òòrùn tó là dáadáa. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé bébà kan ṣoṣo náà kọ́, ó rí i pé òpó àtíbàbà wà létí bébà gan-an, ó sì ṣí ihò náà.

Nínú gbọ̀ngán tí wọn kò tíì kùn, Alàgbà Bándélé gba férémù náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó láti apá kan dé èkejì.

"Memunat, àwa dà?"

"Bébà kò gba gbogbo yín, bàbá."

"Ó gba ará Iloffa." Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Èyí ńkọ́? Ṣé bàtà mi nìkan ló wá wo eré ni?"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa já mọ́ wọn lẹ́nu. Memunat kúnlẹ̀, àmọ́ kò tọrọ àforíjì. "Bàbá, mo wọ̀n ọ́n ju ìgbà ogún lọ. Bí mo bá yọ ẹni tó ṣubú, kò ní sí eré níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin, mo lè yà yín nígbàkigbà, kí gbogbo yín jókòó dáadáa, pẹ̀lú bàtà yín méjèèjì. Kò sẹ́ni tó máa tún eré yẹn sá mọ́."

Alàgbà Bándélé gbé férémù náà ti ògiri, ó sì jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni férémù fi wà níbẹ̀, tó dojú kọ ògiri. Nígbà tó yá, akọ̀wé ránṣẹ́ sí Memunat pé kó wá ya ẹgbẹ́. Ó yà wọ́n, àwọn mọ́kànlá, àgbọ̀n sókè. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé sí iwájú gbọ̀ngán. Ti eré sísá wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́, nítòsí fèrèsé, níbi tí òòrùn ti ń bà á. Ó sì ti ń ṣá nígbà tó fi máa di ọdún 1966. Àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń dúró sí. Àwọn ará Iloffa tó wá ṣòkú ní Osi yóò yà wò ó, wọn yóò sì máa jiyàn bóyá ọwọ́ Olóyèdé kan aṣọ Adégbìtẹ́ tàbí kò kàn án.

Ní Àjíǹde ọdún 1963, Adégbìtẹ́ àti Olóyèdé tún pàdé ní pápá, Memunat sì tún dojú bolẹ̀ síbi okùn. Kò sí èyí tó gbé ife lọ nínú wọn. Ọmọ Koro kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, Ìbítóyè lorúkọ rẹ̀, ló já okùn náà. Eré rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ti kọjá kí Memunat tó tẹ kámẹ́rà. Memunat dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì lọ bá a níbi tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ láti bi í ìrọ̀lẹ́ wo ni àyè yóò yọ fún un láti wá sáré kọjá níwájú òun.