Oògùn Tí Mo Ní Kí Àbúrò Mi Jù Nù

Báọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Lọ́kọ́ja. Lọ́dún tí àbúrò mi obìnrin wá bá mi gbé ní Otokiti, a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan tó ń bá a jíṣẹ́. Mo ya iṣan méjì sójú pátákó, mo fi àyè tín-ín-rín sáàárín wọn. Mo ní wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn. Ìránṣẹ́ ló ń ré àyè yẹn kọjá láti jíṣẹ́. Mo kọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà: sẹrotónì. Mo ní ó lọ́wọ́ sí oorun wa àti bí inú wa ṣe ń rí, àti pé inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ó yé wọn.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá àbúrò mi lórí ẹní tí mo fi í sí láàárọ̀. Kò wẹ̀, kò jẹun. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ti ń wá a ní ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣe akọ̀wé.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ níṣẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí oorun sùn. Kò sí ohun tó wù mí mọ́."

"Ìyá wa sin bàbá wa, kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tó fi padà sóko. Dìde."

Ó dìde. Ó gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá.

Aládùúgbò wa kan, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ará Igala, ló mú un lọ rí dókítà, kì í ṣe èmi. Dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pé oògùn tí òun kọ fún un yóò jẹ́ kí sẹrotónì pẹ́ díẹ̀ sí i láàárín àwọn iṣan kó tó padà síbi tó ti wá. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ni ni.

Ó wò mí. "Àwa gan-an ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró lójijì."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó ti ń lo oògùn náà, ó ti ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí mi ní "Òkun o" láti ilé ìdáná, bí àwa ará Òkun ṣe ń kíra wa nílé, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ó padà síbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ń yọjú pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Díákónì ni mí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa rí oògùn náà lórí tábìlì, ó rọra bi mí bóyá orí àbúrò mi ti dàrú. Ojú tì mí.

"Ara rẹ ti yá," mo sọ fún àbúrò mi nígbà tí àlejò náà lọ. "Jù ú nù."

"Dókítà ní n má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kàwé nípa rẹ̀ nínú ilé yìí?"

Kò jù ú nù. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo lọ dà á sí ṣáláńgá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tó ń sunkún láìsí ẹni tó bá a wí. Nígbà tó yá, ó padà sórí ẹní. Ọkùnrin yẹn ò yọjú mọ́. Iṣẹ́ bọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ló wá kó ẹrù rẹ̀, ó mú un lọ sílé ẹ̀gbọ́n òun nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní Felele, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́.

Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Ó ń ránṣọ. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó pè mí ní "sà" dípò "ẹ̀gbọ́n mi". Mo tọrọ àforíjì.

"Mo ti dárí jì yín, sà."

Mo bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní oòrùn ti ń mú, kí n tètè máa lọ sílé. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò bojú wẹ̀yìn.