Ọ̀nà Alhaji Nínú Kọ̀ǹpútà Mẹ́wàá

Bùsàrí, ọmọ Ìwó tó háyà yàrá ní àdúgbò Lasunwon ní Ìkòròdú, mọ kọ̀ǹpútà débi pé bí ó bá sín níbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní Ẹ̀pẹ́ á kí i pẹ̀lẹ́. Lọ́dún 2005, òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ní káfẹ́ Alhaji Ọláníyọnu, nítòsí ibùdókọ̀ Benson.

Nígbà tí Alhaji jáde láyé, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìyàwó wọn, Alhaja Fàlílátù, pa kọ̀ǹpútà tí Alhaji fúnra wọn ń lò, ó sì ti yàrá ẹ̀yìn tó wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí di ogójì ọjọ́. Ọjọ́ tó ti yàrá náà gan-an ni íńtánẹ́ẹ̀tì yadi. Àwọn oníbàárà ní òkú ló dì í mú. Alhaja ní bí kò bá ṣiṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, òun á ti káfẹ́ pa, òun á padà sí Ẹ̀pẹ́. Bùsàrí kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó tẹ *route print*. Àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde sí ayé yọ sí i. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà Alhaji ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Ó wo ìkejì, bákan náà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Orí rẹ̀ wú títí fìlà fi fẹ́ fò. Alhaji, tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan gba iwájú òun kọjá, ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ yìí, ilẹ̀kùn olóògbé ni gbogbo lẹ́tà ń kàn.

"Màá pa ọ̀nà Alhaji rẹ́," ó sọ ọ́ sókè.

Alhaja wà lẹ́yìn rẹ̀. "Pa kí ni? Bùsàrí, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lo fẹ́ kí wọ́n kú ni?"

Bùsàrí dọ̀bálẹ̀ láàárín wáyà, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni. Alhaja kò gbà.

Ni Bùsàrí bá fi ọ̀nà Alhaji sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kọ ọ̀nà tuntun tó lọ tààrà sí àpótí tó so mọ́ abọ́ orí òrùlé tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti òfurufú, ó sì fún un ní ipò kìíní, nítorí èyí tí nọ́ńbà ipò rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀rọ máa ń gbà. Kó tó di àsìkò ìrun Alásàrì, íńtánẹ́ẹ̀tì ti fọhùn. Alhaja kò ti káfẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, á dúró lẹ́yìn Bùsàrí. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

Bùsàrí á nàka sí ìlà kejì, níbi tí nọ́ńbà Alhaji wà. "Wọ́n wà níbẹ̀, mà."

Alhaja á kúnlẹ̀ kí yàrá ẹ̀yìn káàárọ̀. Bùsàrí, tó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ibẹ̀ wà ní pípa, á dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á dáhùn.