Ẹnu Ọ̀nà Tí Bàbá Mi Kò Lè Kọjá

Àwọn ìyá ìjọ wa máa ń káàánú Hajiya, obìnrin Hausa tó múlé tì wá ní Tudun Wada, ní Kaduna. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ sé e mọ́lé. Ọkùnrin àlejò kankan kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé wọn ní èdè Hausa: "Ba shiga, gidan aure ne." Ilé lọ́kọláya ni, ẹ má wọlé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bàbá mi fi ìkúùkù fọ́ ìyá mi lẹ́nu. Ìyá mi kò sá lọ bá àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá tọ̀ wọ́n lọ rí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n dá a padà sílé ọkọ. Ó pọn àbúrò mi, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ilé Hajiya.

Bàbá mi lé wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí, ó mọ̀ pé tí òun bá wọlé yẹn, gbogbo àdúgbò ni yóò dìde sí òun. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lórí ìyàwó tirẹ̀ wá ń bẹ̀rù ògiri! Ó pariwo níta títí ohùn rẹ̀ fi há.

Mo ti kọ́lé tèmi sí Barakallahu, ní Kaduna kan náà, báyìí. Mi ò lọ́kọ, síbẹ̀ mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri mi gàdàgbà. Obìnrin tó bá sá wá tọmọtọmọ á wọlé. Ẹ ní mo ń sé ìyàwó oníyàwó mọ́lé? Inú ilé ni kọ́kọ́rọ́ wà, lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà fúnra wọn.