Ibi Tí Bàbá Mi Ta Tapólì Sí

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà òkè kan, ọ̀rẹ́ mi sì tú àgọ́ tí a fẹ́ sùn sí jáde nínú àpò rẹ̀. Òórùn rọ́bà tó ti gbóná nínú oòrùn ta sí mi nímú, mo bá di ọmọdébìnrin padà.

Èmi, bàbá mi àti màmá mi ń ti oko wa lẹ́yìn ìlú Afo bọ̀ lọ́sàn-án. Ewé kòkó gbígbẹ ń ró pàràpàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lójijì, màmá mi jókòó.

“Bàbá Bọ́lá, mi ò lè rìn mọ́.”

Bàbá mi ń wá ibi tí yóò ta tapólì tí a fi ń sá kòkó sí. Ó wo abẹ́ igi ńlá kan, ó ní ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ, ó lè já lù wá. Ó wo etí odò, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù. Mo rò pé eré la ń ṣe.

“Bàbá, ibí yìí ńkọ́?”

Ilẹ̀ náà ga díẹ̀, ó gbẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá mi ta tapólì náà síbẹ̀, màmá mi sì wọ abẹ́ rẹ̀.

“O ṣeun, Bọ́lá. Kọjú sódò, kí o máa kọrin. Kọ ọ́ sókè dáadáa.”

Mo kọ ọ́ títí, labalábá ń fò yí mi ká. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò fẹ́ kí n gbọ́ igbe màmá mi ni.

Nígbà tó yá, màmá mi pè mí. “Máa bọ̀, wá wo àbúrò rẹ.”

Mo rọra wọ abẹ́ tapólì náà, òórùn rọ́bà rẹ̀ gba imú mi. Ọmọ tuntun náà yán, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn rìn wá.