Lọ́rì Ológun Tí Múdàṣírù Fi Kọ́ Wa Ní Ọkọ̀ Wíwà

Gbogbo ẹni tó ra lọ́rì ológun àlòkù lẹ́yìn ogun Hítílà ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Wọn á kan pákó sí i lẹ́yìn, wọn á kọ àdúrà sí iwájú rẹ̀, wọn á sì máa fi kó gààrí àti èrò. Múdàṣírù nìkan ló ra tirẹ̀ lọ́dún 1953, tó gbé e wá sí Ifọ̀, tó ní òun kò ní fi ṣòwò. Ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ni. Àwọn ará Ifọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ogun ní Bọ́mà ló da orí rẹ̀ rú.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ di awakọ̀ á kọ́kọ́ di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Á fọ ọkọ̀, á pọn omi sí i, á gbé òkúta há táyà lórí òkè, á fọ ṣòkòtò ọ̀gá, á sì bá ìyàwó ọ̀gá gúnyán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá á gbé sítíárì fún un lọ́jọ́ tí oorun bá ń kun ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ti ẹlòmíì ti máa ń parí, nínú kòtò. Múdàṣírù ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ òun nínú iṣẹ́ ológun. Ó ní wọ́n jókòó ti òun ni, wọ́n sì kọ́ òun bí ènìyàn.

Èmi kò ní ọdún tí mo lè fi fọ ṣòkòtò ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, Lásúnkànmí, tó máa ń fi lọ́rì rẹ̀ kó ìrẹsì láti Mowé àti Ìbàfò lọ sí ìdí ojú irin ní Ifọ̀, ṣàdédé kú lẹ́yìn ibà. Lọ́rì náà wá dúró gbọin sí ojúde wa ní Mowé, adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, Tàjùdéèn, tó di olórí ẹbí, kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ ó sọ fún ìyá mi pé òun kò lè máa wo ọkọ̀ kó máa bàjẹ́. Ó ní bí Iléyá bá dé tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ní láísẹ́ńsì, òun á fa ọkọ̀ náà lé awakọ̀ kan láti Ṣágámù lọ́wọ́. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Awakọ̀ yẹn á máa jẹ, àwa á máa wò ó lẹ́nu. Èmi Nọ́fíù ni àgbà ọmọ, mo ti lé lógún ọdún, mi ò sì mọ bí wọ́n ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ìyá mi, Kúlúsúmù, ló mú mi lọ bá Múdàṣírù. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ọkùnrin náà sáré dì í mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Ìyá. Ṣé ó lè jí kí ilẹ̀ tó mọ́?"

"Á jí. Bí kò bá jí, màá da omi sí i lára."

"Ó tán nìyẹn. Kó máa bọ̀ lọ́la."

Lọ́rì Múdàṣírù kò dùn ún wò. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń ṣí, nọ́ńbà ológun ṣì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmọ́ Múdàṣírù ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó ti tún un tò, ó ti pààrọ̀ gbogbo wáyà rẹ̀. Iṣẹ́ tó ya ènìyàn lẹ́nu jù wà níwájú àga kejì. Sàlàkọ́ alágbẹ̀dẹ ti rọ bíréèkì kejì síbẹ̀, ó sì fi ọ̀pá irin so ó mọ́ ti awakọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé, olùkọ́ á tẹ tirẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Múdàṣírù nínú iṣẹ́ ológun, òun ló sì fi igi ya àwòrán rẹ̀ sórí iyanrìn fún Sàlàkọ́.

Múdàṣírù kò fẹ́ ká fi ọkọ̀ òfìfo kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, láràárọ̀, á gbé ọkọ̀ náà wá sí Mowé, àwọn obìnrin tó ń gbé ìrẹsì lọ sí Ifọ̀ á gun ẹ̀yìn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ oore náà lóore, àmọ́ ẹnu wọn kò sinmi lórí ẹni tó bá wà nídìí sítíárì.

"Nọ́fíù, rọra o! Mi ò tíì bímọ tán!" Ọ̀ṣunníkẹ́ nìyẹn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn.

Kò pẹ́ tí mo fi gbà pé kò sí awakọ̀ bí èmi. Ewúrẹ́ á já sọ́nà, ọkọ̀ á dúró. A á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá odò, ọkọ̀ á máa rọra lọ bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Múdàṣírù á jókòó tì mí, á máa wo iwájú, kò ní wí nǹkan kan ju "Ó dáa" lọ.

Mo lọ ṣe ìdánwò ní Abẹ́òkúta. Múdàṣírù gun ẹ̀yìn, ọ̀gá tó ń dán wa wò jókòó síbi tí òun máa ń jókòó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nídìí bíréèkì kejì, ó ní kí n máa lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan. Mo ń retí kí ọkọ̀ rọra, kò rọra. Ìgbà tí mo máa fi tẹ bíréèkì, ó ti pẹ́. A ti imú ọkọ̀ bọ inú òkìtì iyanrìn àwọn bíríkìlà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, àmọ́ fìlà ọ̀gá náà fò bọ́ sójú pópó. Ó lọ mú un, ó gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù.

"Ọ̀rẹ́ mi, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Kí o padà wá kí Iléyá tó dé."

Orí mi gbóná. Mo ní bíréèkì ti bàjẹ́, mo ní Sàlàkọ́ ni màá lọ bá jà. Múdàṣírù gba sítíárì lọ́wọ́ mi, ó wakọ̀ títí a fi jáde nílùú, ó wá dúró lábẹ́ igi obì kan.

"Nọ́fíù, kò sóhun tó ṣe bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ yín báwo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ ọjọ́sí, èmi ni. Ẹ̀bá odò, èmi ni. Bí mo bá pariwo mọ́ ẹ, àwọn obìnrin yẹn á gbé e dé ọjà, ojú á tì ẹ́. Ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

Ta ló lè bínú sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn: bí ọmọ ẹlòmíì bá ṣàṣìṣe ní gbangba, bò ó láṣìírí, tí ẹ bá wọ yàrá kí o wá bá a wí. Múdàṣírù kàn gbàgbé apá ti yàrá ni. Ó sọ fún mi pé ní Bọ́mà, sájẹ́ǹtì àwọn máa ń bú àwọn títí kan ìyá àwọn, òun sì ti búra pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni láéláé. Ó bẹ̀ mí, àgbàlagbà bí i tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá Sàlàkọ́, ó sì so aago kẹ̀kẹ́ mọ́ bíréèkì kejì. Bí ẹsẹ̀ Múdàṣírù bá ti kàn án báyìí, aago á ké. Kò sí bíbò mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago náà ké láti Mowé dé Ifọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ìyàwó là ń wà.

"Ẹsẹ̀ Múdà ni o, kì í ṣe ti Nọ́fíù!" ni àwọn obìnrin ń pariwo.

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi gbóná, àmọ́ kò pa mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ewúrẹ́ kí ó tó já sọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì kí a tó dé ẹ̀bá odò. Àwọn obìnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń tẹ́tí sí aago. Lọ́jọ́ tí a dé Ifọ̀ láìgbọ́ aago, Ọ̀ṣunníkẹ́ wọn ìrẹsì sínú fìlà mi, ó ní oúnjẹ awakọ̀ ni.

Mo padà sí Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ìjọ́sí di fìlà rẹ̀ mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì bọ́. Ó fún mi ní láísẹ́ńsì. Nígbà tí Iléyá dé, Bàbá Tàjùdéèn fi lọ́rì bàbá mi lé mi lọ́wọ́ níwájú ẹbí, ó sì gbàdúrà gígùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sú àgbò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti ọwọ́ Múdàṣírù jáde lẹ́yìn mi, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín sì wá ń mú ọmọ wọn lọ bá a. Kò sí ọjọ́ tí mo kírun tí mi ò dárúkọ ọkùnrin náà nínú àdúrà mi. Oúnjẹ ilé wa ló dá padà fún wa.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé lọ́rì bàbá mi jáde, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Múdà jókòó tì mí níwájú. Ó kọ̀. Ó ní ìyá mi ló ni ibẹ̀, ó sì gun ẹ̀yìn lọ bá àwọn àpò ìrẹsì. A kọ́kọ́ yà kó ẹrù ní Ìbàfò, ká tó forí lé Ifọ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó yá, mi ò wò ó mọ́, ọ̀nà ni mò ń wò.

Mo dúró nídìí ojú irin ní Ifọ̀, mo yíjú sí i láti sọ pé a ti dé. Orí rẹ̀ ti fara ti ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ìyá mi kò sun oorun gidi rí, lóru tàbí lọ́sàn-án. Gbogbo ilé ló mọ̀. Mo na ọwọ́ láti jí i. Múdàṣírù ti bọ́ sílẹ̀, ó ti yọjú lójú fèrèsé.

"Má jí wọn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí àwọn alábàárù tó fẹ́ já ẹrù lọ́nà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àpò kan kúrò lórí lọ́rì náà títí ìyá mi fi jí fúnra rẹ̀.