Oyíndà tí Bọ́ọ̀lù Rẹ̀ Kì í Wọlé

Ohun tó máa ń bí Oyíndà Bámiṣayọ̀ nínú jù ni kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí wò ó láti òkè délẹ̀, kó wá sọ pé, "Sista, pẹ̀lú gíga yín yìí, ẹ ó mọ básíkẹ́tì gbá gan-an o." Òótọ́ ni pé ó ga. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Dutse Alhaji ni orí rẹ̀ ti ń yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí òpó iná. Òótọ́ sì ni pé ó ń gbá básíkẹ́tì. "Gan-an" tí wọ́n ń fi kún un yẹn ni wàhálà. Bí Oyíndà bá gbé bọ́ọ̀lù sókè tó jù ú sí àwọ̀n, irin ni yóò bà. Bí kò bá ba irin, yóò ba pátákó. Ìgbà mìíràn wà tí kì í ba nǹkan kan rárá, tí yóò kàn fò kọjá lọ bá àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ọgbà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò fún un láyè púpọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu ni, níbi tí wọ́n ń kó páálí ọṣẹ àti oògùn ẹ̀fọn sí. Òun ló ń bójú tó ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń wọkọ̀ kúrò ní Dutse, yóò sọ̀ ní Bẹ́gà, yóò tún wọ òmíràn lọ sí Idu. Tó bá fi máa padà sílé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Síbẹ̀, bí Sátidé bá ti dé, yóò gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di pápá oníkankéré tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Ìràwọ̀ Dutse, ti máa ń gbáradì.

Kì í ṣe pé kò sapá o. Kò sí fídíò tí kò wò tán lórí fóònù. Wọ́n ní kó tẹ orúnkún, ó tẹ orúnkún. Wọ́n ní kó má jẹ́ kí ìgbúnwọ́ ṣí síta, ó há ìgbúnwọ́ mọ́ra. Wọ́n ní ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ ti bọ́ọ̀lù, ó kàn gbọdọ̀ gbè é ni, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Diméjì, tẹ̀lé e lọ sí pápá lọ́jọ́ kan láti bá a wò ó. Ó dúró, ó wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Oyin, ṣé bọ́ọ̀lù lò ń jù ni àbí ò ń lé ẹyẹ lórí òrùlé?"

"Bọ̀dá Diméjì, ẹ máa lọ sílé."

"Mò ń bá ẹ ṣeré ni."

"Èmi ò ṣeré. Ẹ máa lọ."

Nígbà tí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìlú Àbújá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà òjò, ẹgbẹ́ kan láti Gwarinpa ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ní Wúsẹ̀, ní ìpele tí pípàdánù eré kan kò tíì lé ẹgbẹ́ jáde. Eré náà le, kò sì sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló lè gbà wọ́n, Nafisah, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Oyíndà, sáré bí ẹfúùfù, ó fa àwọn alátakò méjì tẹ̀lé ara rẹ̀, ó sì ti bọ́ọ̀lù sí Oyíndà lábẹ́ àwọ̀n. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Ọmọ kékeré lè jù ú wọlé níbẹ̀. Oyíndà jù ú. Bọ́ọ̀lù ba irin lẹ́ẹ̀kan, ó ba irin lẹ́ẹ̀kejì, ó yí po, ó jábọ́ síta. Fèrè dún. Wọ́n pàdánù. Àwọn èrò tó jókòó sórí àga sìmẹ́ńtì kígbe "Kai!" lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin kan sì di orí mú bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan.

Inú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà ni ọ̀rọ̀ ti wá burú. Lateefah ni kápútéènì wọn. Ọmọ tó kéré sí Oyíndà lọ́jọ́ orí ni, báǹkì kan ní Maitama ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, ó lè dúró lọ́nà jíjìn kó jù ú kó wọlé láìba irin. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Àǹtí Oyíndà, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ má jù ú rárá."

Nafisah ń wo ojú fèrèsé. Kóòṣì wọn, Ismaheel Àjíṣafẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, jókòó níwájú, kò wẹ̀yìn. Oyíndà fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá yanu báyìí, ẹkún ni yóò jáde. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó dì í mú títí tí wọ́n fi dé Dutse.

Kò lọ sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Kò lọ ní èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn náà. Ìyá rẹ̀, tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí eré yìí tẹ́lẹ̀, rò pé ó ti sinmi nìyẹn.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí. "Iṣẹ́ Idu nìkan kò ha tó kó èèyàn lágara? Bàbá rẹ pe láti Ìyàrà lánàá, ó ní ṣé o ṣì ń bá wọn fò kiri."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi."

"Ṣé ohun tí ò ń gbádùn ló mú ojú rẹ wú báyìí?"

Oyíndà dìde. Yàrá ló wọ̀ lọ.

Nígbà tí kóòṣì pè é pè é tí kò gbé fóònù, ó gbéra, ó wá sílé. Ìyá fún un ní omi tútù, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Mo fẹ́ kí o padà wá," ni Kóòṣì Ismaheel wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí Lateefah sọ yẹn, mo fara mọ́ ọn. O ò ní jù."

"Kóòṣì! Ẹ̀yin náà?"

"Gbọ́ mi ná. Nínú eré wa pẹ̀lú Gwarinpa, bọ́ọ̀lù wa tí kò wọlé pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ fíìfíì. Ti Lateefah náà wà níbẹ̀. Nígbà tí kò bá wọlé, ta ló ń mú un? Àwọn ni. Wọ́n mú un, wọ́n sáré, wọ́n lọ jù ú sílé wa. Àwa kàn ń dúró, a ń wo bọ́ọ̀lù lókè bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfúrufú. Ríbáǹdì ni mo fẹ́ kí o máa mú. Èyí tó bá ti ba irin tó ń padà bọ̀, tìrẹ ni."

"Ẹ fẹ́ kí n máa ṣa bọ́ọ̀lù fún wọn."

"Tó o bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, pè é bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyíndà. Ó rò ó títí tí kóòṣì fi lọ. Ọdún mélòó ló ti fi kọ́ jíjù, kí wọ́n wá sọ ọ́ di olùṣabọ́ọ̀lù? Ṣùgbọ́n ilé náà ti sú u. Nígbà tó padà sí pápá, kì í ṣe pé inú rẹ̀ yọ́, ìbínú ló gbé e lọ. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní kí òun máa ṣa bọ́ọ̀lù, kò sí ẹlòmíì tí yóò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lórí pápá náà mọ́.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù lọ́nà tí kò gbà wò ó rí. Ó rí i pé èyí tí wọ́n bá jù láti apá ọ̀tún, apá òsì ló sábà máa ń já sí. Ó rí i pé èyí tí wọ́n jù láti ọ̀nà jíjìn máa ń ta padà jìnnà, èyí tí wọ́n jù nítòsí sì máa ń jábọ́ sábẹ́ irin níbẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí àti ẹ̀yìn dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ga bí tirẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó sọ̀kalẹ̀. Ìgúnpá gbá a lágbọ̀n, èékánná ya á lápá. Nafisah, tí wọ́n jọ ń dí ara wọn lọ́nà, pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Oyíndà, kai! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Oyíndà kò tilẹ̀ tọrọ gáfárà. Ó mú bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ sí Lateefah láìwo ojú rẹ̀, ó padà sáàyè rẹ̀.

Wọ́n borí nínú eré tó tẹ̀lé e, wọ́n tún borí nínú òmíràn, wọ́n sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹgbẹ́ kan láti Maitama ni wọ́n yàn fún wọn. Bàtà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n ní dókítà tiwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù jù.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ náà. Eruku bo ojú ọ̀run, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lórí pápá náà tí kò ní òrùlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan kò ti lọ déédéé. Lateefah jù, kò wọlé. Nafisah jù, kò wọlé. Kíkẹ́olúwa, tó kéré jù nínú wọn, jù ú tó fi lọ gbá rẹfirí léjìká. Àwọn ará Maitama náà ń tàsé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn sàn. Oyíndà ń fò, ó ń mú bọ́ọ̀lù, ó ń gbé e padà fún wọn, wọ́n sì tún ń jù ú nù. Inú ń bí i.

Nígbà ìsinmi, Lateefah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi aṣọ ìnura bo ojú. "Mi ò jù mọ́," ló ń sọ. "Kò lè wọlé lónìí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì jù ú."

Kóòṣì ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n Oyíndà ti dìde.

"Lateefah, dìde jọ̀ọ́! Ṣé o mọ iye ìgbà tí tèmi ti kọ̀ kó wọlé? O jù ú fún ìdajì eré péré, o ti ń sunkún! Máa jù ú. Tí kò bá wọlé, èmi á lọ mú un wá fún ẹ. O tún jù ú. Tí kò bá tún wọlé, mo tún máa lọ mú un. Iṣẹ́ tí ẹ fún mi nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Lateefah mú aṣọ kúrò lójú, ó wò ó, ó sì dìde.

Apá kejì kò wuni í wò. Bọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Dutse kò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójijì. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí kò wọlé, ọwọ́ gígùn kan ti wà lókè tó ń dúró dè é. Wọ́n á jù, yóò mú un. Wọ́n á tún jù, yóò tún mú un. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀kan á wọlé. Àwọn yòókù rí i, ara wọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Nafisah fi àyà ṣubú lé bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ síta. Lateefah, tí kì í fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, ń jìjàdù lábẹ́ irin. Àwọn ará Maitama bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo Oyíndà, ó ní, "Sista, ṣé kì í rẹ̀ yín ni?" Ó ti rẹ̀ ẹ́. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà tó kù ṣíún kí eré parí, Maitama fi pọ́ìǹtì kan péré ṣíwájú. Lateefah jù, ó ba irin. Oyíndà mú un, ó fẹ́ gbé e padà síta, wọ́n gbá a lọ́wọ́. Fèrè dún. Rẹfirí ní fáòlù ni, kí Oyíndà wá ju bọ́ọ̀lù òfẹ́ méjì.

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wolẹ̀. Ó rí wọn. Ó dúró sójú ìlà, ó tẹ orúnkún, ó há ìgbúnwọ́ mọ́ra. Àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Omijé bo ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ju ìkejì. Bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti mọ̀ pé kò ní wọlé, ó sì mọ apá ibi tí yóò já sí. Bó ti ba irin báyìí ló gbé ẹsẹ̀. Ó gba àárín àwọn ará Maitama méjì tó ti ń yọ̀ kọjá, ó nawọ́ sókè, ó já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, bó sì ti ń ṣubú lọ ló tì í sí Nafisah. Nafisah rọra gbé e sínú àwọ̀n. Fèrè ìparí dún.

Wọ́n gbé Nafisah sókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo orúkọ rẹ̀ títí, òun náà ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá dáadáa jù lọ́jọ́ náà. Oyíndà jókòó sórí àga sìmẹ́ńtì, ó ń da omi sí orúnkún rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n borí, inú sì ń bí i. Bọ́ọ̀lù òfẹ́ méjì, kò wọ ọ̀kan!

Lateefah wá jókòó tì í.

"Àǹtí Oyíndà, ẹ má bínú nítorí ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ọjọ́sí."

"Mo ṣì ń bínú."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ sọ pé, tí ẹ ò bá sí lábẹ́ irin yẹn, ẹ̀rù á máa bà mí láti jù."

Oyíndà gbé ìgò omi tó kù fún un.

Wọn kò gba ife ọdún náà. Nínú àṣekágbá, fáòlù Oyíndà ti pọ̀ jù kí eré tó parí, wọ́n lé e jáde, ó jókòó síta, ó ń wo bí àwọn alátakò ṣe ń mú gbogbo bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ó bú sẹ́kún láìfi pa mọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó tiro lọ sí Idu.

Nígbà tí wọ́n tún padà sí ìgbáradì, Kóòṣì Ismaheel kò fi bọ́ọ̀lù jíjù bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ní kí gbogbo wọn tò sábẹ́ irin, kí Oyíndà máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dínà. Oyíndà kì í ṣe olùkọ́ onísùúrù.

"Kíkẹ́olúwa, ìdí rẹ dà? Fi ìdí tì í! Nafisah, má wo èmi, bọ́ọ̀lù ni kí o wò. Lateefah, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀ tí o fi dúró?"

"Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà," ni Oyíndà wí, ó sì sọ bọ́ọ̀lù mọ́ irin.