Oúnjẹ Tí Alásè Kò Tọ́ Wò

Ilé ìtajà àwọn Íńdíà kò sí mọ́ ní Ọ̀yọ́. Ilé náà fúnra rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nísàlẹ̀ báyìí, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà lókè. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, imú mi ṣì máa ń wá òórùn kan tó ti lọ tipẹ́.

Ó ku ọdún bíi mélòó kan kí a wọ 1990 nígbà tí wọ́n ṣí i. Tọkọtaya ni wọ́n. Ọkọ ti kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, wọ́n pín in sí ṣọ́ọ̀bù ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ àti bàtà wà lókè, ìkòkò, fáànù àti rédíò wà nísàlẹ̀, ibi oúnjẹ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ọjà tí àwa mọ̀ kì í ní ilẹ̀kùn. Èyí ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tó kọ́kọ́ fu ará ìlú lára ni pé wọ́n kọ iye owó sára ọjà, kò sì sí ìdúnàádúrà. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ẹni tí kò fẹ́ kí o ná ọjà òun kò fẹ́ kí o bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́, ẹni tí kò sì fẹ́ kí o bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́ ní ohun tó ń fi pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tùràrí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi iná sí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú àwòrán obìnrin ọlọ́wọ́ mẹ́rin. Àwọn èèyàn ní àwúre ni: ọwọ́ méjì ń fa oníbàárà wọlé, ọwọ́ méjì tó kù ń gba owó. Ta ni a ó sọ fún pé irọ́ ni? Gbogbo wa la ti rí fíìmù Íńdíà ní sinimá, níbi tí obìnrin ti ń di ejò.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló wá burú jù. Kò sí alápatà kan ní ìlú tó lè sọ pé tọkọtaya náà ra ẹran lọ́wọ́ òun rí fún ìkòkò ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ta ìrẹsì aláwọ̀ òféèfé pẹ̀lú ẹran nínú rẹ̀. Ẹran wo? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ológbò ti dínkù ní àdúgbò. Mo ti ka ìwé ní yunifásítì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ológbò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rédíò nìkan ni mò ń rà níbẹ̀.

Àsìkò náà ni ibà dá màmá mi dùbúlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ṣí. Ìyàwó mi po ògì, ó se ẹyin, ó fi ẹja tútù se ọbẹ̀. Màmá á wo àwo náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí ni, wọ́n á ní, “Ẹ gbé e kúrò, ó ń rùn.” Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti wà lọ́rùn ọwọ́ wọn láti ìgbà ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ fúnra rẹ̀. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àìsàn ti tán lára wọn, ebi ló kù tó fẹ́ pa wọ́n, òun kò sì ní oògùn ebi.

Láti ilé ìwòsàn ọjọ́ náà ni a ti ń bọ̀ nínú tákísí. Bí a ti dé iwájú ilé àwọn Íńdíà, Màmá gbé orí sókè.

“Kí ni wọ́n ń dín níbẹ̀ yẹn?”

Láti ọjọ́ tí Màmá ti dé ọ̀dọ̀ mi, wọn kò tíì bèèrè oúnjẹ kankan.

Awakọ̀ ló dáhùn. “Àwọn Íńdíà ni o, Màmá. Òórùn yẹn ni wọ́n fi ń mú èèyàn.”

“O ti jẹ ẹ́ rí?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“Báwo lo ṣe wá mọ̀? Dá ọkọ̀ dúró.”

Mo san owó, mo di apá wọn mú. Ọkàn méjì ń bá ara wọn jà nínú mi: ọ̀kan ń dúpẹ́ pé ẹnu ti fẹ́ ṣí, èkejì ń rántí ológbò.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan tó dé fìlà àwọn àlàájì, na ọwọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ fi báàgì sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Kí o lè fi ṣe kí ni?”

“Òfin wọn ni, Màmá. Nítorí olè.”

“Ta ni olè?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin o!”

“Tẹ̀sùbáà ló wà nínú báàgì mi. Kò jalè rí.” Wọ́n gbé e há abíyá, wọ́n wọlé. Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ̀ lọ́nà.

Dígí ńlá kan wà ní igun òrùlé, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ oníbàárà. Màmá dúró lábẹ́ rẹ̀.

“Ta ni arúgbó tó ń wò wá lókè yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Wọ́n wò ó títí. “Mo ti gbẹ tó báyìí?” A tẹ̀ síwájú, a rìn kọjá níwájú obìnrin ọlọ́wọ́ mẹ́rin. Mo kíyè sí i pé mo di èémí mi mú kí èéfín náà má baà wọ inú mi.

Ìyàwó Íńdíà náà ló wà níbi oúnjẹ. Ó fi aṣọ gbọọrọ kan yí ara ká títí dé èjìká, àmì pupa wà níwájú orí rẹ̀. “Màmá, ẹ káàbọ̀.” Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó gbé àga fún Màmá, ó bu ìrẹsì tó ń rú èéfín sínú àwo, ó gbé ẹran adìyẹ lé e lórí. Àwọn kan jókòó síbi tábìlì kejì, wọ́n ń jẹ ohun oníhà mẹ́ta kan tó ń ta sánsán.

Màmá kò fọwọ́ kan ṣíbí. “Ta ló pa adìyẹ yìí?”

Ẹ̀ṣọ́ náà ti tẹ̀ lé wa wọlé. “Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo ń pa gbogbo rẹ̀, mo sì ń ṣe bísímílà.”

Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, adìyẹ ni.

“Ó dáa,” ni Màmá wí. Wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ obìnrin náà. “Tọ́ ọ wò.”

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Ẹni tó bá gbé oúnjẹ tàbí ọtí fún ọ, òun ló ń kọ́kọ́ fi kan ẹnu, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí.

“Rárá, Màmá. Mi ò jẹ.”

Ọkùnrin kan níbi tábìlì kejì dá ẹnu dúró, oúnjẹ ṣì wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“O sè é, o ò lè jẹ ẹ́?”

“Mi ò jẹ ẹran. Rárá.”

“Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ tó?”

Obìnrin náà fọwọ́ kan imú rẹ̀.

“Imú!” Màmá yíjú sí mi. “Imú ló fi ń tọ́ iyọ̀ wò! Jẹ́ ká máa lọ.”

Mo ti kà á nínú ìwé pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ wọn kì í jẹ ẹran. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìfura tèmi náà ti dìde, mo sì ti na ọwọ́ sí Màmá tó ti ń dìde nígbà tí obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Èèwọ̀ ni, Màmá.”

Màmá padà jókòó.

“Èèwọ̀ kẹ̀? Èyí tó o bá nílé bàbá rẹ ni àbí ti ilé ọkọ?”

“Ilé bàbá. Ilé ọkọ náà.”

“Ó ti pé.” Màmá mi orí títí. Ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin náà yí padà, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdílé tó ti wá. “Ilé bàbá tèmi kì í jẹ àparò. Ọkọ mi, kò sí ohun tó fẹ́ràn bí àparò. Gbogbo ọdún tí a fi dáko ní Iresa ni mo fi sè é fún un, n kò sì fi kan ẹnu rí.”

Ọkùnrin tó wà níbi tábìlì kejì gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì.

“Ta ló wá ń bá yín tọ́ iyọ̀ wò?” ni ẹ̀ṣọ́ bèèrè.

Màmá tọ́ka sí mi.

Òótọ́ ni. Mo rí ara mi nídìí ààrò ní Iresa, ọmọ kékeré, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣí sílẹ̀. Màmá á bu omi ọbẹ̀ àparò díẹ̀ sí i, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń lá a, wọ́n á bèèrè pé, “Iyọ̀ ńkọ́?” Èmi ni ọmọ bàbá mi, èèwọ̀ náà kò kàn mí.

“Bù ú sí i lọ́wọ́,” ni Màmá sọ fún obìnrin náà.

Mo wọ kóòtù lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sì mọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo wo ìrẹsì náà. Mo wo èéfín tùràrí. Mo wo ọwọ́ Màmá lórí tábìlì, ẹ̀gbà tó ti já dé ìka. Mo na àtẹ́lẹwọ́.

Obìnrin náà bu ìrẹsì díẹ̀ sí i pẹ̀lú fọ́nrán ẹran kan. Mo jù ú sẹ́nu. Ata kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ gun imú mi, omi bọ́ lójú mi. Màmá kò wo ojú mi. Ọ̀fun mi ni wọ́n ń wò, títí ó fi lọ sókè tó sì sọ̀kalẹ̀.

“Iyọ̀ ńkọ́?”

“Ó tó, Màmá.”

Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, bóyá mo máa ṣubú. N kò ṣubú. Wọ́n gbé ṣíbí.

Wọn kò jẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ, wọ́n sì fọ́ egungun adìyẹ náà. Nínú tákísí tí a bá lọ sílé, wọn kò yé bèèrè: “Inú rẹ ńkọ́?” Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. “Orí rẹ ńkọ́?” Mo ní ó dáa.

Ìyàwó mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbóòórùn aṣọ wa kí a tó wọlé. Màmá kọjá lára rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ti ẹ̀gbà wọn sókè sí ọrùn ọwọ́.

“Kí lẹ fẹ́ sè lálẹ́?” ni wọ́n bèèrè.

Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Baálé ilé, kí lẹ fún Màmá jẹ?”